Kì í Ṣe Yìnyín Nìkan Ló Ń Pa Ọ́kíìdì

Láàárín àwọn tó ń tọ́jú òdòdó ọ́kíìdì ní gúúsù Florida, ní Houston, àti níbikíbi tí ojú ọjọ́ ti máa ń móoru lọ́pọ̀ oṣù kí òtútù tó já wọlé fún òru mélòó kan, ìgbàgbọ́ kan wà tó ti di òfin. Wọ́n ní yìnyín ni ọ̀tá ọ́kíìdì. Níwọ̀n ìgbà tí omi kò bá tíì dì, wọ́n ní kò sí ohun tí òtútù lè fi òdòdó náà ṣe. Bí wọ́n bá gbọ́ lórí rédíò pé òru yóò tutù dé 6°C, wọn a fọkàn balẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá gbọ́ 0°C ni wọn yóò tó sáré kó aṣọ jáde, tàbí kí wọ́n tú omi sórí òdòdó kí wọ́n tó lọ sùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí ewé ṣì tutù yọ̀yọ̀, wọn a ní òfin ti ṣiṣẹ́.

Òfin náà kò ṣàdédé yọ. Ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ ló ti wá, àwọn tó ń gbin ápù àti kábéèjì, ohun ọ̀gbìn tó jẹ́ ti ilẹ̀ olótùútù láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ní tiwọn, òótọ́ ni pé ní àyíká ibi tí omi ti ń dì ni èrè àti àdánù ti ń pínyà. Kábéèjì tó sun inú 4°C mọ́jú kò ní ẹjọ́ kankan láti rò. Irú ohun ọ̀gbìn bẹ́ẹ̀ ni àwọn akéde ojú ọjọ́ ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n bá ń kìlọ̀ ìrì dídì. N kò bá àwọn àgbẹ̀ jà, bẹ́ẹ̀ ni n kò bá akéde jà. Ohun tí n kò lè gbà ni kí ènìyàn mú òfin tí a ṣe fún kábéèjì, kí ó gbé e wọ òdòdó tí ìran rẹ̀ kò mọ ohun tó ń jẹ́ òtútù, kí ó má sì bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ó bá a mu.

Ọ̀nà méjì ni òtútù ń gbà ba ewéko jẹ́, ọ̀tọ̀ sì ni èkíní, ọ̀tọ̀ ni èkejì. Èkíní ni gbogbo ènìyàn mọ̀. Omi ara ewé yóò dì, yìnyín yóò máa fa omi jáde nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì, sẹ́ẹ̀lì yóò súnkì, yóò ya. Nígbà tí oòrùn bá yọ tí yìnyín sì yọ́, ewé náà yóò rọ jọ̀ọ̀jọ̀, yóò dúdú, omi yóò máa ṣẹ́ jáde lára rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń rí i tí kò ní mọ̀ pé òtútù ló pa á. Nítorí pé ó hàn gbangba báyìí ni wọ́n ṣe gbà pé òun nìkan ló wà.

Èkejì kò nílò yìnyín rárá. Ẹni tó bá ti gbé ìgò epo pupa sílẹ̀ mọ́jú nígbà ọyẹ́ mọ̀ pé epo kì í dúró de yìnyín kó tó dì. Ọ̀rá wà nínú awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó yí sẹ́ẹ̀lì ewé ká. Lára ewéko ilẹ̀ olótùútù, irú ọ̀rá tó ń ṣàn nínú òtútù ló pọ̀ níbẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ ewéko ilẹ̀ olóoru, ọ̀rá náà máa ń le kankan nígbà tí omi ṣì ń ṣàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ní ìwọ̀n bíi 13°C sísàlẹ̀ fún àwọn kan, 10°C sísàlẹ̀ fún àwọn mìíràn. Awọ tó yẹ kó máa yan ohun tó ń wọlé àti ohun tó ń jáde kò ní lè ṣiṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Iyọ̀ àti omi inú sẹ́ẹ̀lì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jò, iṣẹ́ mímí àti ti oúnjẹ ṣíṣe inú ewé yóò dàrú, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà yóò sì rún wọnú ara wọn. Ní ọdún 1978, McConnell àti Sheehan tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde lórí ewé Phalaenopsis tí òtútù bà jẹ́. Inú ewé gan-an ni wọ́n wò, níbi tí àwọn sẹ́ẹ̀lì àárín ewé ti wó lulẹ̀. Kì í ṣe àhesọ tí àwọn olùtọ́jú òdòdó ń pín fún ara wọn ni mo ń sọ.

Phalaenopsis yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n bá pe ọ́kíìdì: ewé rẹ̀ fẹ̀, ó nípọn, òdòdó rẹ̀ tò lórí ọ̀pá kan ṣoṣo, òun ló sì kún ṣúpámákẹ́ẹ̀tì. Àwọn igbó olóoru Philippines, Indonesia àti àyíká wọn ni ilé rẹ̀. Bí òtútù bá ti ṣe é, ẹ gbé ewé rẹ̀ dání, ẹ yí i díẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ kọjá lójú rẹ̀. Ẹ ó rí àwọn ibi kéékèèké tó jìn wọnú lójú òkè ewé, tí ìka yín á mọ̀ lára kí ojú yín tó rí i dáadáa. Wọn kì í ní àwọ̀ kankan nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Lẹ́yìn náà, wọn a pọ́n rẹ́súrẹ́sú, wọn a ṣú, àwọn mìíràn a sì dúdú pátápátá. Ewé tó ṣì ń bọ̀ láti àárín nígbà tí òtútù dé lè fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan dàgbà kó tó gbé àpá tirẹ̀ jáde.

Níbi ìdádúró yìí ni òfin yìnyín ti ń rí ẹ̀mí gùn. Ẹni tó ni òdòdó wò ó láàárọ̀, kò rí nǹkan, ó ní 6°C kò ṣe é. Nígbà tí àpá bá yọ, ó ti gbàgbé òru ọjọ́ yẹn. Yóò wá máa pe àpá òtútù ní àrùn, yóò lọ ra oògùn, yóò máa fín in lé ewé tí kò sí kòkòrò kankan lára rẹ̀. Èmi kò bá a wí pé kò mọ̀. Ohun tó ń bí mi nínú ni àwọn ìwé pélébé tí wọ́n ń so mọ́ ìkòkò òdòdó, tí wọ́n kàn ń kọ pé kí ẹ dáàbò bò ó kúrò lọ́wọ́ ìrì dídì, tí wọn kò sì kọ ohunkóhun lé e. Gbólóhùn náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ó ń ṣi ènìyàn lọ́nà ju irọ́ lọ, nítorí ẹni tó bá kà á yóò rò pé ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán.

Gbòǹgbò náà ń jìyà. Gbòǹgbò tí òtútù ti mú kì í lè fa omi dáadáa, nítorí náà ewé lè rọ nígbà tí ìkòkò ṣì tutù. Olùtọ́jú yóò rò pé òùngbẹ ni, yóò tún bomi sí i, ohun tí òtútù bẹ̀rẹ̀, ìjẹrà yóò parí rẹ̀. Iye wákàtí náà ní ìṣirò tirẹ̀. Wákàtí kan nínú 9°C kò dà bíi wákàtí mẹ́wàá, òru kan kò sì dà bí òru mẹ́rin tó tẹ̀lé ara wọn. Oòrùn líle tó bá sì kọlu ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú òtútù jáde máa ń dá kún ìpalára ni. Ẹni tó sáré gbé òdòdó rẹ̀ sínú oòrùn láàárọ̀ kí ara rẹ̀ lè yá, èrò rere ló rò, ṣùgbọ́n abẹ́ òjìji ni ibi tó yẹ ẹ́ ní ọjọ́ náà.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò gbọ́ èyí tán, yóò sì fò lọ sí òdìkejì: bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí a máa fi gbogbo ọ́kíìdì sínú ooru nígbà gbogbo. Àṣìṣe yìí dàgbà ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì ti gbẹ̀mí òdòdó tí kò lóǹkà. Ní ọdún 1830, John Lindley, tí kò sí onímọ̀ ọ́kíìdì tó ju ú lọ ní ìgbà ayé rẹ̀, gba àwọn olùṣọ́gbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nímọ̀ràn pé ooru púpọ̀, òjìji àti ọ̀rinrin ni ọ́kíìdì orí igi ń fẹ́. Wọ́n gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Wọ́n kọ́ ilé gíláàsì, wọ́n ń dáná sí i tọ̀sán tòru, wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ pa, wọ́n sì kó àwọn òdòdó tí ọkọ̀ òkun gbé dé láti America Gúúsù àti Asia sínú rẹ̀ láìbéèrè ibi tí wọ́n ti wá. Òdòdó náà ń kú lọ rẹpẹtẹ. Joseph Hooker, ọ̀gá àgbà ọgbà Kew, ló wá pe England ní sàréè àwọn ọ́kíìdì ilẹ̀ olóoru.

Ohun tí wọn kò rò ni pé òkè wà ní ilẹ̀ olóoru. Odontoglossum crispum ti wá láti orí òkè Andes ní Colombia, níbi tí ilẹ̀ ti ga ju 2,000 mítà lọ, tí òru ibẹ̀ sì máa ń mú ènìyàn wá aṣọ ìbora. Ẹ fi irú rẹ̀ sínú ilé tó ń gbóná bí ilé ìdáná, kí ni ẹ retí? Joseph Paxton, olùṣọ́gbà ní Chatsworth, bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwọn òdòdó sọ́tọ̀ sí ilé tí ooru wọn kò dọ́gba, ó sì jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé. James Bateman wá di alágbàwí pàtàkì fún títọ́jú àwọn ti orí òkè nínú ilé tútù. Ìwé ńlá rẹ̀ lórí Odontoglossum jáde láàárín 1864 àti 1874, àwọn òdòdó tí wọ́n ti ń pè ní abíkú sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ìdílé ọ́kíìdì ju 25,000 ẹ̀yà lọ. Kò sí àgbáńlá ilẹ̀ tí wọn kò sí àfi Antarctica. Cypripedium máa ń sùn lábẹ́ òjò dídì ní Yúróòpù àti Kánádà, yóò sì jí nígbà tí ooru bá dé. Cymbidium ti òkè Himalaya ń fẹ́ òru tó wà láàárín 10°C sí 14°C kó tó lè yọ òdòdó; ẹ fi í sínú ilé gbígbóná, ewé nìkan ni yóò máa fi hàn yín lọ́dọọdún. Dendrobium nobile ń fẹ́ kí òtútù àti ọ̀gbẹlẹ̀ bá òun díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ Vanda kò fẹ́ kí ìwọ̀n já sí ìsàlẹ̀ 13°C. Phalaenopsis pàápàá, tí mo ti ń sọ pé òtútù ń bà jẹ́, ń fẹ́ ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí ara ilé tutù ju ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lọ kó tó yọ ọ̀pá òdòdó, òru 16°C sí 18°C ni ọ̀pọ̀ olùtọ́jú sì ń fún un. Nítorí náà, ẹni tó bá bi mí pé mélòó ni òtútù tí ọ́kíìdì lè fara dà, èmi náà yóò bi í pé, ọ́kíìdì wo?

Ó ku ẹ̀tàn kan nínú òfin náà tó fi ara pamọ́ ju gbogbo èyí lọ. Wọ́n gbà pé nọ́ńbà tí akéde ojú ọjọ́ pè ni ìwọ̀n ìtutù ewé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni tẹmọ́mítà akéde ń wọ̀n, nínú àpótí tó ní ìbòrí, ní òkè ilẹ̀ díẹ̀. Ewé tó tẹ́jú sí ojú ọ̀run ní òru tí kò sí ìkúùkù, tí atẹ́gùn kò sì fẹ́, máa ń tutù ju afẹ́fẹ́ tó yí i ká lọ, nígbà mìíràn pẹ̀lú dígírì méjì, mẹ́ta, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Akéde pe 12°C, kò purọ́. Síbẹ̀ ewé Vanda tó wà ní gbangba ti lè wọ 9°C.

Ẹni tó fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀ ni William Charles Wells, dókítà tí wọ́n bí ní Charleston ní South Carolina, tó sì ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn St Thomas's ní London. Ìwé kékeré tó kọ lórí ìrì jáde ní 1814. Ó ri igi tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin mọ́lẹ̀ lórí koríko, ó na aṣọ ìnujú fẹ́lẹ́ kan lé orí wọn, aṣọ náà sì fi ínǹṣì 6 ga ju koríko lọ. Afẹ́fẹ́ ń wọlé, ó ń jáde lábẹ́ rẹ̀ bó ṣe wù ú. Síbẹ̀, ní òru tí ojú ọ̀run mọ́, koríko abẹ́ aṣọ náà móoru ju èyí tó wà ní gbangba lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé gbogbo nǹkan ló ń tan ooru ara rẹ̀ jáde. Ojú ọ̀run tó mọ́ kì í dá èyí tó tó o padà. Ìkúùkù, ewé igi ńlá, òrùlé, àní aṣọ fẹ́lẹ́ kan, ń dá púpọ̀ padà. Wells sọ nínú ìwé náà pé òun ti máa ń fi àwọn olùṣọ́gbà rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀, pé kí ni ẹní tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fi bo ohun ọ̀gbìn lè ṣe sí òtútù. Àwọn olùṣọ́gbà ló jàre, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò lè sọ ìdí rẹ̀.

Àwọn ará India ti ń fi òye kan náà jẹun kí Wells tó mú kálámù. Ẹnì kan tó ń jẹ́ Robert Barker ròyìn rẹ̀ ní 1775. Ní Allahabad, ní oṣù ọyẹ́ tiwọn, àwọn òṣìṣẹ́ máa ń gbẹ́ kòtò tí kò jìn, wọn a tẹ́ pòròpórò ìrèké tàbí ti àgbàdo sínú rẹ̀, wọn a to àwo amọ̀ pẹlẹbẹ sórí rẹ̀, wọn a sì bu omi sí wọn ní àṣálẹ́. Kí oòrùn tó yọ, yìnyín ti wà nínú àwo, ní ilẹ̀ tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tutù dé ibi tí omi ń dì. Ẹni tó bá ṣì ń sọ pé 4°C kò lè bí yìnyín, kí ó lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ Allahabad rojọ́.

Láti inú èyí ni a ti lè mọ ohun tí aṣọ ìbora ń ṣe. Òótọ́ ni pé ó wúlò, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé ó ń mú ooru wá. Ooru tí ilẹ̀ fi gbogbo ọ̀sán gbà lọ́wọ́ oòrùn ló ń dì mú, ó sì ń dí ojú ewé sí ojú ọ̀run. Nítorí náà, aṣọ náà gbọ́dọ̀ balẹ̀. Àwọn tó ń kó aṣọ lé orí òdòdó tí wọ́n wá fi okùn so ó mọ́ ìdí rẹ̀ ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ooru ilẹ̀ síta. Náílọ́ọ̀nù tó bá fi ara kan ewé kò ní gbà á. Ibi tó ti kàn án gan-an ni òtútù ti ń mú jù. Bí oòrùn bá sì ti yọ, kí a ṣí i, kó má baà se òdòdó. Ọ̀ràn tó jẹ́ ti ọ́kíìdì nìkan tún wà níbẹ̀: ọ̀pọ̀ Vanda ni wọ́n ń gbé kọ́ sókè nínú agbọ̀n onígi, gbòǹgbò rẹ̀ ń jò fẹ̀rẹ̀fẹ̀rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́. Ilẹ̀ wo ni yóò fún un ní ooru? Aṣọ tó ń gba tòmátì là kò lè ṣe tó bẹ́ẹ̀ fún un. Inú ilé ni kí a gbé irú rẹ̀ sí.

Atẹ́gùn náà ti gba ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀. Ìṣirò tí àwọn akéde máa ń ṣe, pé afẹ́fẹ́ wà ní 8°C ṣùgbọ́n ó ń ṣe ara bíi 3°C, awọ ara ènìyàn ni wọ́n ṣe é fún, ara tó ń dá ooru tirẹ̀. Atẹ́gùn lè gbẹ ewé, ó sì lè fa òtútù wọ inú ilé gíláàsì, ṣùgbọ́n kò lè mú ewé gbígbẹ tutù ju afẹ́fẹ́ lọ. Ní òru tí ojú ọ̀run mọ́, atẹ́gùn díẹ̀ a tilẹ̀ máa ṣe ìrànwọ́, nítorí ó ń da afẹ́fẹ́ òkè tó móoru pọ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn olóko ọsàn ní California fi ń ri fáànù ńlá mọ́ àárín oko.

Mo wá dé orí omi. Àwọn tó ń tú omi sórí ọ́kíìdì lálẹ́ ní ẹ̀rí tí wọ́n ń tọ́ka sí, ẹ̀rí náà sì lágbára. Ní Plant City ní Florida, àwọn olóko sitirọ́bẹ́rì máa ń fín omi sórí oko ní òru òtútù títí yìnyín yóò fi bo gbogbo rẹ̀, sitirọ́bẹ́rì náà kì í sì í kú. Àwọn tó rí i ní yìnyín ni aṣọ ìbora. Kì í ṣe yìnyín ló ń ṣe é o! Dídì tí omi ń dì lọ́wọ́ ni. Gíráàmù omi kan tó bá ń dì máa ń tú kálórì 80 sílẹ̀, ooru yẹn ló ń mú kí ewé dúró sí ìwọ̀n 0°C bí afẹ́fẹ́ bá tilẹ̀ tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí gíráàmù kan náà bá gbẹ lọ sínú afẹ́fẹ́, ó ń gbà tó kálórì 600 lọ. A jẹ́ pé gíráàmù tó lé ní méje gbọ́dọ̀ dì kó tó dí àlàfo ẹyọ kan tó gbẹ. Ìdí nìyí tí àwọn olóko kì í fi í dá omi dúró títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ní January 2010, òtútù fi ọjọ́ 11 mú Plant City, wọ́n sì fa omi tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí omi abẹ́ ilẹ̀ fi lọ sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 60. Kànga ọ̀pọ̀ ìdílé gbẹ, ilẹ̀ sì rì di kòtò ní ibi tó lé ní 100. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó bu omi wọ́n òdòdó lẹ́ẹ̀kan tó sì lọ sùn. Omi tí òun wọ́n yẹn, gbígbẹ ni yóò máa gbẹ, yóò máa gba ooru lára ewé.

Kí a tilẹ̀ gbà pé ó lè dúró tì í mọ́jú. Ibo ni omi náà yóò gbé ewé dúró sí? Ní 0°C. Sitirọ́bẹ́rì lè fara da 0°C. Phalaenopsis ti bà jẹ́ ní 10°C. Omi tó ń gba sitirọ́bẹ́rì là, ibi ìpalára gan-an ló ń gbé ọ́kíìdì olóoru sí, ó sì tún ń fi omi sílẹ̀ ní àárín ewé níbi tí ìjẹrà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó ti kàwé díẹ̀ lè dá mi lóhùn pé àwọn onímọ̀ ní Ohio àti Georgia ti dán yìnyín wò lórí Phalaenopsis, tí kò sì ṣe é ní nǹkan. Bẹ́ẹ̀ ni, àbájáde rẹ̀ jáde ní 2017. Ẹ kà á dáadáa. Èèpo igi inú ìkòkò ni wọ́n ń to yìnyín kéékèèké lé, nínú ilé tó móoru, kí ó máa yọ́ díẹ̀díẹ̀, kí ó sì bomi rin òdòdó. Inú èèpo igi náà kò tutù ju nǹkan bíi 11°C lọ, fún ìgbà díẹ̀. Ìwádìí tó dára ni, n kò ní ìjà kankan pẹ̀lú rẹ̀. Kò sọ ohunkóhun nípa ewé tó fi gbogbo òru wà nínú 6°C.

Fún àwọn ènìyàn wa tó ń gbé London tàbí Manchester, tí òdòdó wọn kì í dé ìta rí, ewu náà wà ní etí fèrèsé. Ilé móoru, tẹmọ́mítà ara ògiri ń ka 20°C, ọkàn balẹ̀. Alẹ́ lẹ́, wọ́n fa aṣọ ojú fèrèsé, òdòdó sì wà láàárín aṣọ náà àti gíláàsì. Lẹ́sẹ̀ kan náà, aṣọ ti yà á nípa kúrò nínú ooru ilé, ó ti fi í lé gíláàsì tútù lọ́wọ́. Bí gíláàsì bá jẹ́ ẹyọ kan tí híítà sì kú ní ọ̀gànjọ́, ewé tó fara kan gíláàsì yóò gba àpá kí ilẹ̀ tó mọ́. Kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ láti gbé ìkòkò wá sí inú yàrá kó tó fa aṣọ.

Ní ti àwọn tí òdòdó wọn pọ̀ ju èyí tí ilé lè gbà, wọn a máa fa iná Kérésìmesì sábẹ́ aṣọ ìbora. Ọgbọ́n àtijọ́ tó dára ni, nígbà tí gílóòbù ń gbóná. LED tí wọ́n ń tà nísinsìnyí ń mọ́lẹ̀, ooru rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹni tó bá ń lò ó ṣọ̀ṣọ́ ló ń ṣe. Sítóòfù oníkẹrosíìnì nínú ilé gíláàsì tí a ti pa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dán an wò. Iná tí kò jó tán dáadáa ń mú gáàsì ethylene jáde, èyí tó ń mú kí òdòdó rọ kí èèhù rẹ̀ sì já bọ́, gáàsì carbon monoxide tó ń bá a jáde sì ń pa ènìyàn. Híítà oníná mànàmáná pẹ̀lú fáànù kékeré kan ló tọ́.

Ẹ ka orúkọ tó wà lára òdòdó yín kí àsìkò òtútù tó dé. Bí ó bá jẹ́ Cymbidium, ẹ má yára gbé e wọlé. Bí ó bá jẹ́ Phalaenopsis tàbí Vanda, 13°C ni kí ẹ máa fetí sí lẹ́nu akéde, kì í ṣe 0°C. Bí ojú ọ̀run bá sì mọ́ tí atẹ́gùn dákẹ́, ẹ fi dígírì mẹ́ta yọ nínú ohun tó bá pè, kí ẹ sì gbé òdòdó wọlé kí oòrùn tó wọ̀.